Ìyá Oníkáàdì àti Páálí Tó Gbé Àwòrán Dìde

Bí ẹ bá gbé ẹ̀bùn wá fún ìyá àgbà mi, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò ni páálí tí ẹ fi dì í. Ó lè jẹ́ bàtà, ó lè jẹ́ ìkòkò, ó lè jẹ́ bísíkíìtì tí ọmọ wọn rà bọ̀ láti ìrìn àjò. Wọ́n á kí yín dáadáa, wọ́n á sì ṣàdúrà fún yín, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn á ti wà lára páálí náà, wọ́n á máa fi àtàǹpàkò tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé e sétí, wọ́n á mì ín. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n á rò pé wọ́n ń wò ó bóyá nǹkan ṣì kù nínú rẹ̀ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́. Páálí gidi máa ń dún bí ìgbà tí ènìyàn kan ilẹ̀kùn. Èyí tí kò ní láárí máa ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́ bí ewé gbígbẹ.

Màmá ti lọ báyìí. A ti sin wọ́n, àlejò ti padà sílé, àwọn ọmọ wọn ti pín aṣọ wọn. Láti ìgbà náà, bí èmi àti àwọn àbúrò mi bá jókòó, ẹkún kì í pẹ́ lójú wa. Ẹnì kan á rántí ọ̀rọ̀ kan tí Màmá sọ, ẹlòmíràn á rántí òmíràn, ẹ̀rín á sì bẹ̀rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí èmi ni mo gbé lọ́dọ̀ Màmá jù ní Ìkòtún, láyé ìgbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba. N kò ní sọ ìtàn ìgbésí ayé wọn láti ìbí dé ikú. Irú ẹni tí wọ́n jẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Orúkọ tí wọ́n fi sàmì fún Màmá ni Dọ́káàsì, ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa, Ìyá Oníkáàdì ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe káàdì. Nígbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ kí ènìyàn ní Kérésì tàbí nígbà Ilẹ̀yá, káàdì ló máa ń fi ránṣẹ́, oníkálùkù á sì so èyí tó bá rí gbà mọ́ okùn yí pálọ̀ ká. Màmá máa ń gbẹ́ òǹtẹ̀ lára àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì tó ti jẹ: ẹyẹ, òdòdó, ilé ìjọsìn, àgbò, búta, ọmọ tuntun nínú aṣọ òtútù. Wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ náà mọ́ fóòmù tó ti mu yíǹkì dúdú, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí páálí. Bó bá gbẹ tán, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà olómi kùn ún ní àwọ̀ tó bá yẹ.

Òǹtẹ̀ wọn ni gbogbo ayé ń yìn. Ìyẹn máa ń bí Màmá nínú díẹ̀. Wọ́n á ní ẹnikẹ́ni tó ní abẹ àti sùúrù lè gbẹ́ òǹtẹ̀, páálí ni iṣẹ́. Wọ́n á ní òǹtẹ̀ dà bí ẹnu, páálí sì dà bí etí. “Bí etí bá di, kí ni ẹnu fẹ́ ṣe?”

Bí páálí tuntun bá wọlé, Màmá kì í lò ó lọ́jọ́ náà. Wọ́n á gé ẹ̀là kan lára rẹ̀, wọ́n á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n á ní, “Ó yá, jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀.” Páálí ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi. Wọ́n á kọ́kọ́ ká a. Páálí ní ọ̀nà tó gbà sùn, gẹ́gẹ́ bí ẹran ṣe ní ọ̀nà tí à ń gbà gé e. Bí ẹ bá ká a lọ sí ọ̀nà tó sùn sí, á ká wẹ́rẹ́. Bí ẹ bá ká a lòdì, ojú ibi tí ẹ ti ká a á sán bí ètè ẹni tí ọyẹ́ mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ ẹlẹ́yẹ sí i. Màmá kì í wo ìyẹ́ ẹyẹ náà, wọn kì í wo ìrù rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ń wò, nítorí ibẹ̀ ló kéré jù. Bí páálí bá jẹ́ alámùjù, yíǹkì á tàn kálẹ̀, ojú ẹyẹ á dí pa. Bí ojú náà bá là rekete, páálí náà ti yege ìdánwò kan. Omi ló kù. Wọ́n á kun ọ̀dà sí i, wọ́n á dúró, wọ́n á wò ó bóyá yóò wú bí ẹ̀yìn ahun, wọ́n á sì dojú rẹ̀ dé kí wọ́n wò ó bóyá àwọ̀ ti jò já sí òdìkejì.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó wá gba káàdì ìkómọ dúró títí tó fi rẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Màmá, ṣé nítorí káàdì lásán ni ẹ ṣe ń ṣe gbogbo èyí?” Màmá kò gbójú sókè. Wọ́n ní, “Ẹni tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ni mò ń wò, kì í ṣe páálí.”

Ṣómólú ni a ti máa ń ra páálí, láàárín àwọn ilé ìtẹ̀wé. Bí Màmá bá ti ní ọ̀la la ń lọ, oorun kì í kùn mí mọ́. Mo fẹ́ràn òórùn yíǹkì tó máa ń pàdé wa lójú pópó. Mo fẹ́ràn ariwo ẹ̀rọ, mo fẹ́ràn páálí tí wọ́n tò bí ilé alájà síwájú ṣọ́ọ̀bù, funfun, aláwọ̀ ẹyin, aláwọ̀ ojú ọ̀run. Sùnmọ́nù, ọmọ Ìbàdàn, ni oníbàárà Màmá. Ó fẹ́ràn Màmá, ó sì ń bẹ̀rù wọn. Ohun tó ń dán ni Sùnmọ́nù mọ̀ ní ọjà.

“Màmá, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé rèé. Ẹ wo bó ṣe ń dán.”

“Mo rí i. Ṣé dígí ni mo wá rà ni?”

“Àwọn ará Ìkẹjà ń jà sí i o, Màmá.”

“Jẹ́ kí wọ́n máa jà lọ, jàre.”

Màmá yọ òǹtẹ̀ ẹlẹ́yẹ láti inú báàgì wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí páálí tó ń dán náà. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n sì fi ìka fà á kọjá. Ẹyẹ náà pòórá, ó di ìlà dúdú kan tó gùn bí ìrù ológbò. Sùnmọ́nù fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló borí rẹ̀. Màmá nu ìka wọn mọ́ àkísà. “Ṣé o rí i? Yíǹkì kan ilẹ̀kùn títí, kò sí ẹni tó ṣí i fún un.”

Èmi ni wọ́n fi iṣẹ́ kíkùn lé lọ́wọ́ nígbà tí mo dàgbà díẹ̀. Mo rántí bí ayọ̀ ṣe kún inú mi lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé búrọ́ọ̀ṣì lé mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí òdòdó mi pupa ju gbogbo òdòdó ayé lọ, mo ń kùn ún, mo tún ń kùn ún lé e, títí ara páálí fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, tí ó ń yọ ìdọ̀tí wínníwínní bí aṣọ tó ti gbó. Màmá kò pariwo. Wọ́n gba búrọ́ọ̀ṣì náà, wọ́n fi í sínú omi, wọ́n sì ní kí n wá bá àwọn bó ẹ̀pà. A bó ẹ̀pà, a jẹ ẹ́, a tàkúrọ̀sọ. Nígbà tí mo padà débẹ̀, páálí ti gbẹ, ó sì hàn sí mi pé ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́ kan péré ló kù fún un. Mo kùn ún lẹ́ẹ̀kan, ó sì pupa bí mo ṣe fẹ́. Màmá ní, “Ó rẹ̀ ẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Páálí náà máa ń sinmi.”

Kí ẹ má rò pé ẹni tó ń ṣòdì sí nǹkan tuntun ni wọ́n o. Bàbá mi, tó jẹ́ àkọ́bí wọn, ń gbé Ẹgbẹ́dá nígbà náà, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ó wù ú kí ìyá rẹ̀ sinmi. Ní Kérésì kan, ó mú káàdì òyìnbó kan wá, èyí tó máa ń kọrin bí ènìyàn bá ṣí i. Gbogbo wa ń retí kí Màmá fajú ro. Màmá ṣí káàdì náà, ó kọrin. Wọ́n pa á dé, ó dákẹ́. Wọ́n tún ṣí i. Ojú wọn tàn, wọ́n dìde, wọ́n jó yí pálọ̀ po, wọ́n pe àwọn aládùúgbò wá gbọ́. Nígbà tó yá, wọ́n mú abẹ, wọ́n sì tú ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n lè fọwọ́ kan ohun tí wọ́n fi ṣe é. Wọ́n dorí kodò pẹ̀lú ìbànújẹ́. “Orin yìí dùn, ọmọ mi. Ó kàn ṣe mí láàánú pé aṣọ àkísà ni wọ́n wọ̀ fún un.”

Mo ti fẹ́ dé ibi tí mo ń lọ.

Ẹni tó bá Màmá jà jù ni Bàbá Kúdí, télọ̀ tí yàrá wọn kọjú sí tiwa nínú ilé kan náà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré. Ìyàwó wọn ti kú, Kúdírátù ọmọ wọn obìnrin nìkan ni wọ́n ní. Omi ni ìyá ìjà wọn. Bí Bàbá Kúdí bá tẹ́ aṣọ tí wọ́n rán sórí fàráǹdà láti lọ̀ ọ́, wọ́n á bu omi sẹ́nu, wọ́n á fẹ́ ẹ fìn-ín sórí aṣọ náà kó lè rọ̀, kí áyọ́ọ̀nù tó gùn ún. Lórí fàráǹdà yẹn kan náà ni Màmá ń sá káàdì sí. Omi á ta dé ara káàdì, àwọ̀ á ṣàn wọnú ara wọn.

“Bàbá Kúdí, aṣọ ni ẹ ń lọ̀. Kí ló kan káàdì mi?”

“Omi lásán ni, Ìyá Oníkáàdì, kì í ṣe májèlé. Àbí káàdì tí ènìyàn á wò lẹ́ẹ̀kan, tí á sọ nù, ni ẹ ń tìtorí rẹ̀ pariwo? Aṣọ tèmi, títí á fi gbó ni wọ́n á fi wọ̀ ọ́.”

“Bó bá gbó, ilẹ̀ ni wọ́n á fi nù. Ẹ lọ wádìí, kò sẹ́ni tó ń fi káàdì mi nulẹ̀.”

Báyìí ni wọ́n ṣe wà fún ọdún gbọọrọ, títí ojú Bàbá Kúdí fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Wọ́n lọ sílé ìwòsàn, wọ́n lo oògùn, ojú náà kò dúró. Nígbà tó yá, wọn kò rí abẹ́rẹ́ mọ́. Nígbà tó tún yá, wọn kò rí ojúmọ́. Wọ́n fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, wọ́n jókòó sínú yàrá, wọn kì í sì í jáde àfi kí wọ́n fẹ́ kírun. Káàdì Màmá wá ń gbẹ ní àlàáfíà lórí fàráǹdà, ẹnikẹ́ni kò ta omi sí i. Ẹ ò bá rò pé inú wọn á dùn. Lọ́jọ́ kan, Màmá dúró síbẹ̀, wọ́n wo ilẹ̀kùn Bàbá Kúdí tó wà ní títì, wọ́n sì sọ fún mi pé, “Àjọkẹ́, fàráǹdà yìí gbẹ jù.”

Lẹ́yìn náà ni Kúdírátù rí ọkọ. Ó wá bẹ Màmá pé kí wọ́n bá òun ṣe káàdì tí òun yóò fi pe àwọn ènìyàn sí yìgì. Màmá yan páálí aláwọ̀ ẹyin, wọ́n tẹ òdòdó yí i ká, èmi ni mo kùn ún. Ó rẹwà. Gbogbo ará ilé ló yìn ín, Kúdírátù sì mú un lọ fún bàbá rẹ̀. Àwa náà tẹ̀ lé e. Àwọn aládùúgbò dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sọ fún Bàbá Kúdí bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí, bí òdòdó rẹ̀ ṣe rí. Bàbá Kúdí gbé káàdì náà dání bí ẹni gbé àwo òfìfo.

“Ẹ ní ó dára. Mo gbà. Kúdí, gbà á lọ́wọ́ mi.” Wọ́n wá fi kún un pé àwọn kò ní lọ síbi yìgì náà, kí àbúrò àwọn dúró gẹ́gẹ́ bíi bàbá ìyàwó. “Kí ni kí n lọ ṣe níbẹ̀? Kí n máa bi àwọn tó jókòó tì mí pé báwo ni ọmọ mi ṣe rí?”

Orí ibùsùn wa ni Kúdírátù ti sunkún. Ó ní òun kò ní fẹ́ ọkọ náà mọ́ bí bàbá òun kò bá ní sí níbẹ̀. Mo rò pé Màmá á lọ bá Bàbá Kúdí jà. Wọn kò lọ. Wọ́n jókòó ti káàdì tí Kúdírátù gbé padà, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n sì jù ú sórí tábìlì.

“Bàbá yín tọ̀nà. Ẹni tó bí ìyàwó kò lè rí káàdì ìyàwó. Káàdì ta wá ni?” Wọ́n dìde bí ọ̀dọ́mọdé. “Ojú ló fọ́. Ọwọ́ télọ̀ kì í fọ́.”

Bí inú mi ṣe dùn láti ìṣẹ́jú yẹn, n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Màmá fẹ́ ṣe káàdì tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kà, àwòrán tí yóò yọ sókè lára páálí láìsí yíǹkì. Wọ́n gé àwòrán náà lára páálí líle, wọ́n fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, ọ̀kan lórí èkejì, títí tó fi ga. Wọ́n ní kí á tẹ́ páálí káàdì lé e lórí, kí á sì fi ẹ̀yìn ṣíbí ra á, kí àwòrán abẹ́ rẹ̀ lè tì í sókè.

Páálí wa àtijọ́ ni a kọ́kọ́ lò. Ó là sí méjì. Èyí tó nípọn jù ú lọ kò tilẹ̀ gbà kí á ti òun, ó dùbúlẹ̀ gbalaja bí ọ̀lẹ. Èyí tó fẹ́lẹ́ ya. Gbogbo páálí tó wà nílé, títí kan èyí tí Màmá tọ́jú sábẹ́ ibùsùn fún ọjọ́ ayẹyẹ tiwọn, ni wọ́n bi léèrè ọ̀rọ̀. Kò sí èyí tó dáhùn.

Ni a bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. A dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé ní Ìyànà Ìpájà. A dé Shasha, Màmá ń fọwọ́ kan páálí ẹrù oníṣòwò, àwọn alábàárù ń wò wọ́n tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ìgbà tí a dé Baruwa, lọ́dọ̀ olùkọ́ àgbà kan tó máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà kó tó fẹ̀yìn tì, ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ó mú àwòrán kan tó ti yà tipẹ́ jáde, ó ní kí Màmá fọwọ́ kan etí rẹ̀. Màmá fọwọ́ kàn án, wọ́n sì di ojú.

“Ó rọ̀. Ó nípọn, síbẹ̀ ó rọ̀.”

“Òwú ni wọ́n fi ṣe é, Màmá. Igi ni wọ́n fi ń ṣe àwọn yòókù.”

Bí a ṣe jáde níbẹ̀, Màmá ń yára rìn débi pé eré ni mo ń sá tẹ̀ lé wọn. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó di Ṣómólú.

“Sùnmọ́nù, páálí tí wọ́n fi òwú ṣe dà?”

Sùnmọ́nù yanu. Ó ní ẹnikẹ́ni kì í bèèrè irú rẹ̀, òun kò tà á. Ṣùgbọ́n Màmá kò wo ẹnu rẹ̀. Ohun tí Sùnmọ́nù fi bo páálí olówó ńlá rẹ̀ kí eruku má bàa bà á ni wọ́n ń wò. Wọ́n na ọwọ́ sí i, wọ́n fa etí rẹ̀ ya. Ojú ibi tó ti ya kò mọ́ bí ti páálí mìíràn. Ó ń hu irun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká.

“Èyí ńkọ́?”

“Ìyẹn kẹ̀, Màmá? Ó ti pẹ́ níbẹ̀. Kò dán, àwọn onítẹ̀wé kò fẹ́ ẹ. Eruku ni mo fi ń dí.”

“Wá nǹkan mìíràn fi dí eruku.”

Sùnmọ́nù nù ún, ó ká a, ó sì fi ta Màmá lọ́rẹ. Mo fẹ́ gbé e, Màmá kò gbà. Àyà wọn ni wọ́n gbé e lé nínú ọkọ̀ títí a fi dé Ìkòtún, bí ẹni gbé ọmọ àṣẹ̀ṣẹ̀bí.

Nílé, a tẹ́ ẹ lé pátákó, Màmá mú ṣíbí. Àwòrán náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, mo sì fẹ́ ké. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibi abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n gé sínú àwòrán náà, tó tín-ín-rín tó sì ga, páálí náà bẹ̀rẹ̀ sí í na ara bí ohun tó fẹ́ ya. Màmá dáwọ́ dúró. Wọ́n wo páálí. Wọ́n wo fàráǹdà. Wọ́n ní kí n bu omi wá nínú ife. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti bu omi náà sẹ́nu, wọ́n sì fẹ́ ẹ fìn-ín sórí páálí tí a wá yí gbogbo agbègbè Alímọ̀ṣọ́ ká, gẹ́lẹ́ bí Bàbá Kúdí ṣe máa ń ṣe é.

“Màmá, ẹ ti bà á jẹ́.”

“Dúró ná.”

Wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n jẹ́ kó mumi dé inú. Nígbà tí wọ́n tún gbé ṣíbí lé e, páálí náà ti gbọ́ràn. Ó ń wú sókè lábẹ́ ọwọ́ wọn bí àkàrà nínú epo gbígbóná. Ẹ̀rọ ìránṣọ yọ, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, abẹ́rẹ́ rẹ̀ yọ. Lábẹ́ ẹ̀rọ náà, ọmọbìnrin kékeré kan yọ, ó jókòó, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, irun orí rẹ̀ sì wà ní dídì. A jẹ́ kó gbẹ. Mo dijú, mo fọwọ́ kàn án, mo rí gbogbo rẹ̀. Ni mo bá sáré lọ mú ọ̀dà, nítorí mo fẹ́ kí aṣọ ọmọ náà pupa.

Màmá gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi. “Fi í sílẹ̀ ní funfun. Ẹni tó fẹ́ wò ó ti ní àwọ̀ tirẹ̀ nínú.”

Màmá fúnra wọn ló gbé e lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Èmi àti Kúdírátù dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá Kúdí, ẹ kú ìjókòó.”

“Ìyá Oníkáàdì. Ẹ tún ti gbé káàdì dé.”

“Mo gbé e dé. Ẹ má wulẹ̀ wò ó. Ẹ fọwọ́ kàn án.”

Bàbá Kúdí kọ́kọ́ gbà á bí ẹni tí kò fẹ́. Lẹ́yìn náà ni àtàǹpàkò wọn kan nǹkan kan, ó dúró. Wọ́n jókòó dáadáa. Ìka wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. “Abẹ́rẹ́ rèé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rèé. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni.” Ìka wọn gun òkè, ó yí kẹ̀kẹ́ ká, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà.

“Ta ló jókòó sábẹ́ rẹ̀?”

Gbogbo ará ilé ló mọ̀ pé nígbà tí Kúdírátù kéré, lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá rẹ̀ ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀ di alẹ́, á máa ṣa àkísà tó bá já bọ́. Ìka Bàbá Kúdí fara balẹ̀ lórí irun dídì náà, ó ń tọ̀ ọ́ lọ ní ìlà ní ìlà.

“Kúdí,” wọ́n ní. “Ó ń ṣa àkísà.”

Kúdírátù wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Bàbá Kúdí kò gbé ọwọ́ kúrò lára páálí náà. Nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀, ohùn télọ̀ tó ní iṣẹ́ nílẹ̀ ni. “Ta ló máa bá mi lọ agbádá mi?”

“Èmi ni,” ni Màmá wí. “Ẹnu mi ti mọ iṣẹ́ omi.”

Ní ọjọ́ yìgì, Bàbá Kúdí jókòó síwájú. Nígbà tí ààfáà bèèrè bàbá ìyàwó, wọ́n dáhùn, gbogbo ilé sì gbọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n so yìgì tán, wọ́n yọ káàdì náà láti inú àpò agbádá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi lé àwọn ènìyàn lọ́wọ́. “Ẹ dijú. Ẹ kọ́kọ́ dijú ná.” Ẹ wo àwọn àgbàlagbà, onírùngbọ̀n àti onígèlè, tí wọ́n dijú, tí wọ́n ń fi ìka wá abẹ́rẹ́ kiri, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé nígbà tí wọ́n bá rí i. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti jẹun.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo fẹ́ fi dákẹ́, nítorí òun ni mo máa ń rántí bí àárò Màmá bá sọ mí. A wà lórí fàráǹdà, Màmá ń sá káàdì. Fèrèsé Bàbá Kúdí ṣí gbàgà, wọ́n na káàdì wọn síta.

“Ìyá Oníkáàdì.”

“Bàbá Kúdí, ẹ káàárọ̀.”

“Ọwọ́ òsì ni ẹ gbé kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ yìí sí. Ọwọ́ ọ̀tún ló máa ń wà. Télọ̀ wo lẹ rí tó ń fi ọwọ́ òsì yí ẹ̀rọ?”

Màmá sáré lọ wò ó. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá ń gbẹ́ òǹtẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ lódì kó tó lè jáde bó ṣe yẹ, nítorí ojú òǹtẹ̀ ni à ń dà dé páálí. Ṣùgbọ́n ti èyí, páálí ló wà lókè, àwòrán kò yí padà. Ọwọ́ Màmá ti mọ́ òdì, wọ́n sì gé e lódì. Gbogbo àwa tí ojú wa là, àwa tí a wò ó tí a yìn ín, kò sí ẹnì kan tó rí i.

Màmá jókòó sílẹ̀ fàráǹdà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Bàbá Kúdí ń bèèrè láti ojú fèrèsé pé kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ṣé irọ́ ni àwọn pa ni, ṣé àwọn kò mọ ẹ̀rọ àwọn ni. Ohùn wọn ń ga sí i. Màmá di ọwọ́ mi mú.

“Àjọkẹ́, gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá mi jà. Wọ́n ti rí i.”